Ẹkún Àgbàlagbà Kì í Ṣe Àìnígbàgbọ́

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 45:1-15, Jòhánù 11:32-36, 1 Tẹsalóníkà 4:13

   

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá yìí, ó nira fún wa láti kọ, nítorí pé ẹ̀bi wa wà nínú rẹ̀. A gbàdúrà lé e lórí, a sì rí i pé bí a kò bá kọ ọ́, yóò máa jẹ wá nínú. Ọ̀rọ̀ ẹkún ni. Kì í ṣe ẹkún ọmọdé, ìyẹn kò ṣòro, ọmú tàbí àkàrà ni a fi ń pa á. Ẹkún àgbà ni a ń wí, ẹkún ọkùnrin tí ó ti bímọ, ẹkún obìnrin tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìyá nínú ìjọ, tí ohun kan ń dùn ún dé egungun, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Arákùnrin kan wà nínú ìjọ wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ fún wa láyè kí a sọ ọ̀rọ̀ náà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, ibà mú un ní ọjọ́ Ajé, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nígbà tí ó di Ọjọ́rú ọmọ náà ti kọjá lọ. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Ẹ mọ ìṣe wa: bàbá àti ìyá kì í lọ sí ibi tí a ti ń sin ọmọ, a kì í sì í fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lọ sin ín, àwa alàgbà jókòó ti bàbá náà nínú ilé. Lójijì ni ọkùnrin náà gbé orí lé eékún, ohùn sì fẹ́ jáde. Àwa ni a dìde. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí. A di èjìká rẹ̀ mú, a sọ fún un pé ọkùnrin ni, pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ìyàwó rẹ̀, pé Pọ́ọ̀lù ti kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà pé onígbàgbọ́ kì í sunkún òkú. Ó gbọ́ sí wa lẹ́nu. Ó gbé orí sókè, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bu omi, ó bọ́jú, ó padà wá jókòó, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Gbogbo ilé yìn ín. Wọ́n ní akin ni, wọ́n ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ lágbára. Inú wa sì dùn sí iṣẹ́ tí a ṣe.

Èso iṣẹ́ náà, ọdún mẹ́ta ni ó gbà kí a tó rí i.

Ọkùnrin náà kò dárúkọ ọmọ yẹn mọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá dárúkọ rẹ̀, yóò dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Ó kó bàtà ọmọ náà àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ẹnì kan pé kí ó lọ dà wọ́n nù. Ní ìsọ̀, ó lu ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ìṣó kan tí ó wọ́, ó lù ú débi pé àwọn aládùúgbò gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sódábì wọ̀ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ tọ̀ wá wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Alàgbà, ọkọ mi kò bá mi jà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá sunkún ọmọ mi, a ní mo ń ba ìgbàgbọ́ òun jẹ́." Kí ni a ṣe? A ṣe ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe. A fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a tan abẹ́là, a bu omi sí àdúrà. Ìran sì wá pé ohun kan di ẹnu ọkùnrin náà. A kò ní kí ẹ má gba ìran gbọ́, ìran náà jẹ́ òtítọ́. Àwa ni a di ẹnu ọkùnrin náà.

Ẹ ṣí Bíbélì yín, kí ẹ wo ẹsẹ tí a fi dí i. Ìwé kìn-ín-ní sí àwọn ará Tẹsalóníkà, orí 4, ẹsẹ 13. Ẹ kà á dé òpin. Pọ́ọ̀lù kò kọ̀wé pé kí ẹ má ṣe banújẹ́ kí ó sì dákẹ́. Ohun tí ó ń wí ni pé kí ìbànújẹ́ wọn má rí bí ti àwọn tí kò ní ìrètí. Ìbànújẹ́ méjì ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sì kọ̀. Àwa gé ẹsẹ náà bí ẹni gé ẹja, a mú orí lọ, a sọ ìrù nù. Pọ́ọ̀lù kan náà yìí, nígbà tí ó fẹ́ dágbére fún àwọn alàgbà Éfésù, gbogbo wọn dì mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sunkún gidigidi, nítorí ó ti sọ fún wọn pé wọn kì yóò rí ojú òun mọ́ (Ìṣe 20:37-38). Ẹ gbọ́ dáadáa o: àwọn alàgbà ni. Kì í ṣe àwọn ọmọ-ìjọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kì í ṣe àwọn obìnrin nìkan. A kò sì rí i níbì kankan pé Pọ́ọ̀lù bá wọn wí pé ìgbàgbọ́ wọn kéré.

Jésù Olúwa wa ńkọ́? Nígbà tí ó dé Bẹ́tánì, ó ti mọ̀ pé òun yóò jí Lásárù. Ó ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ pé ìrètí ń dí ẹkún lọ́wọ́ ni, ta ni ìbá tún ní ìrètí ju òun lọ ní ọjọ́ náà? Síbẹ̀ nígbà tí ó rí Màríà tí ń sunkún, àti àwọn Júù tí ó bá a wá, omi bọ́ lójú rẹ̀ ní gbangba. Kò lọ bọ́jú ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn tí ó dúró níbẹ̀ rí i, wọ́n sì sọ fún ara wọn pé ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí o. Láti inú omijé yẹn ni wọ́n ti mọ ìfẹ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí a dé ọ̀dọ̀ Jósẹ́fù, níbẹ̀ ni a fẹ́ kí a pẹ́ sí díẹ̀, nítorí Jósẹ́fù ni ó jọ wá jù.

Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà á. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tí ó dúró níwájú Fáráò. Ó di ẹni ńlá, aṣọ dáadáa wà lára rẹ̀, òrùka ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó bí àkọ́bí rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Mánásè, nítorí ó ní Ọlọ́run ti jẹ́ kí òun gbàgbé gbogbo ìyà òun àti ilé bàbá òun. Ẹ wo ọkùnrin tí ó ní òun ti gbàgbé! Àwa náà a máa wí bẹ́ẹ̀. "Ó ti tán lọ́kàn mi. Mo ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Ọjọ́ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé wá ra oúnjẹ ni ó mọ̀ pé òun kò gbàgbé nǹkan kan.

Ìgbà àkọ́kọ́, ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó sunkún, ó sì padà wá bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá (Jẹ́nẹ́sísì 42:24). Ìgbà kejì, ó rí Bẹ́ńjámínì ọmọ ìyá rẹ̀, inú rẹ̀ yọ́, ó sáré wọ yàrá, ó sunkún níbẹ̀, ó bọ́jú, ó jáde, ó mú ara le, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá (43:30-31). Ẹ̀yin ará, ta ni nínú wa tí kò mọ omi ìbọ́jú yẹn? Bàbá tí wọ́n yọ kúrò níbi iṣẹ́, yóò bọ́jú kí ó tó wọlé. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè láti ìgbà pípẹ́ tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀, yóò bọ́jú kí ó tó lọ sí ọjà. A jáde, a ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Àwọn tí a jọ ń jẹun kò mọ nǹkan kan.

Ní gbogbo ìgbà tí Jósẹ́fù ń bọ́jú yìí, ẹ kíyèsí i, ó ń fi ìyà jẹ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sọ wọ́n sí túbú, ó de Síméónì lójú wọn, ó fi ife fàdákà sínú àpò Bẹ́ńjámínì. Àwọn olùkọ́ni kan ní ó ń dán wọn wò ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ẹkún tí kò rí ọ̀nà jáde náà wà nínú rẹ̀. Ìgbà kẹta ni kò lè mú ara le mọ́. Ó lé gbogbo àwọn ará Íjíbítì jáde, ó ké débi pé àwọn tí ó wà lóde gbọ́, ilé Fáráò gbọ́. Nígbà náà ni ó tó lè sọ pé, èmi ni Jósẹ́fù. Ó rọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sunkún lára wọn. Bíbélì sì fi ọ̀rọ̀ kékeré kan sí ìparí ẹsẹ 15 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà kọjá: lẹ́yìn èyí ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Àṣé títí di ìgbà yẹn, wọn kò tí ì bá Jósẹ́fù sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ilé ìkó-ọkà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kà á títí dé orí 50, ẹ ó rí i pé ìgbà méje ni Bíbélì sọ pé ọkùnrin yìí sunkún, olórí ìjọba ni o.

Ẹnì kan lè wí pé, "Alàgbà, ìyẹn ìṣe àwọn Júù ni. Ní ilẹ̀ wa, ọkùnrin kì í sunkún." A ti gbọ́. Àwa náà ni a kọ́kọ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa kan náà ni ó ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹni tí ó pa òwe yìí mọ̀ pé ẹni tí omijé wà lójú rẹ̀ kò fọ́ lójú. Ó ṣì mọ ọ̀nà ilé, ó ṣì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn bàbá wa fi àyè ẹkún sílẹ̀ fún ìyàwó tí ń lọ sí ilé ọkọ, ẹkún náà tilẹ̀ ní orin tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bú u pé ojo ni. Ẹ̀yin ará Kétu, ní ọdún 1886 ni ogun Dàhòmì fọ́ ìlú yín, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ ní ẹrú sí Àgbómẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé wọ Àgbómẹ̀ ní 1892 ni àwọn tí ó kù tó rí ọ̀nà padà wá tún ìlú náà tẹ̀ dó. Bí a bá ti ń ka Ẹ́sírà orí 3, ibi tí àwọn tí ó ti ìgbèkùn dé ti ń fi ìpìlẹ̀ ilé Olúwa lélẹ̀, Kétu ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń hó ìhó ayọ̀, àwọn àgbà tí ó ti rí ilé ti àkọ́kọ́ ń sunkún kíkan, ènìyàn kò sì mọ ìyàtọ̀ ohùn méjèèjì. Àwọn àgbà ni ó sunkún, nítorí àwọn ni ó mọ ohun tí ó sọnù.

Ọ̀rọ̀ ìtùnú tiwa náà ń bẹ. Bí ọmọ bá kú, a ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ó dára, a kò bú u. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìyá náà wo omi tí ó dànù ná! Ẹ má tíì fi agbè hàn án ní ọjọ́ kìíní. Omi náà ní orúkọ, ó sì ti ń pè é ní Màmá.

Ìbínú ńkọ́? Òun náà wà nínú ohun tí àgbà ń gbé mì. Ẹ lọ ka ìwé kejì Sámúẹ́lì orí 13, ẹ kà á jẹ́jẹ́, nítorí ó burú. Támárì, ọmọ Dáfídì, Ámínónì ṣe ohun burúkú sí i. Ó da eérú sórí, ó ń ké lọ ní títì. Ábúsálómù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó dákẹ́, kí ó má fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Dáfídì gbọ́, ó bínú, kò ṣe nǹkan kan. Ábúsálómù kò bá Ámínónì sọ rere, kò bá a sọ búburú. Ilé ọba dákẹ́ rọ́rọ́. Ọdún méjì péré, Ábúsálómù pè é wá jẹ àsè, wọ́n pa á nídìí wáìnì. Ẹkún ọmọbìnrin kan ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ ni ó fi jáde.

Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe àwáwí pé òun yóò máa da gbogbo inú òun sí ìyàwó àti ọmọ lórí. Òwe 29:11 ti pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní òmùgọ̀. Èyí tí ó lu ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ìṣó, kò sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìṣó kọ́ ni ó ń dùn ún, àbí? Ìwé Éfésù gbà pé ènìyàn lè bínú, ó kàn ní kí oòrùn má wọ̀ bá ìbínú náà ni. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde lẹ́nu, ní ohùn tí ènìyàn lè fi etí gbà.

Ohun kan sì wà tí ó yà wá lẹ́nu nípa ìjọ wa aláṣọ funfun. Nínú ìsìn, a ń ké, a ń jó, ẹ̀mí ń gbé wa ṣubú, a ń fi ara yí ilẹ̀, ojú kì í tì wá. Ọkùnrin kan náà tí ó gbọ̀n rìrì níwájú pẹpẹ ní ọjọ́ Ìsinmi, bí ó bá bọ́ sùtánà tán tí ó dé ilé, kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ẹ̀rù ń bà mí, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kò tíì pé." Ẹ̀yin wòlíì, ẹ tún rántí Élì. Hánà ń tú ọkàn rẹ̀ jáde níwájú Olúwa, Élì tí ó jẹ́ àlùfáà wo ẹnu rẹ̀ tí ń mì, ó ní ó ti mutí yó. Élì kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó yára sọ̀rọ̀ ni. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń sunkún ni ẹ̀mí àìmọ́ ń dà láàmú, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ríran sí i. Ẹni tí kò sì lè sùn mọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí oúnjẹ kò wọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí ó ń wí pé ikú yá ju èyí lọ, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Méjèèjì ni kí ẹ ṣe.

A padà sí ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó kan ilẹ̀kùn wa. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó lórí àpótí níta, ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè sọ̀rọ̀ ọmọ yẹn?" Ọdún mẹ́ta, ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wa! A ní kí ó sọ. Ó dárúkọ ọmọ náà. Ó ní ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní ilé ìwòsàn, ọmọ náà ní kí òun gbé àpótí kékeré tí òun kàn fún un wá, pé orí rẹ̀ ni òun fẹ́ jókòó. Òun dáhùn pé ó di ọ̀la. Àpótí náà ṣì wà ní ìsọ̀, ó fi pákó bò ó mọ́lẹ̀, kò sì lè tà á, kò lè dá a sí iná. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti gé, ó sì ké.

A kò ní purọ́ fún yín, ẹsẹ Bíbélì náà tún wá sí wa lẹ́nu. Ẹnu wa ti là. Ọlọ́run ni ó bá wa pa á dé. A jókòó tì í. Ìyàwó wa gbé omi wá dé ẹnu ọ̀nà, ó rí wa, ó gbé omi náà padà. Bí ó ti ń sunkún ni ọ̀rọ̀ ìyá tí ó bí wa wá sọ́kàn wa. Nígbà tí ìyá wa lọ, àwa ni àkọ́bí, àwa ni a ń pàṣẹ àga àti oúnjẹ, àwa ni a ń ka owó, gbogbo ènìyàn ní a ṣe òkú náà dáadáa. A kò sunkún. A rò pé ó ti kọjá. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ yẹn, ní iwájú ọmọ ìjọ tí ó kéré sí wa, a sunkún ìyá wa. Ojú tì wá díẹ̀.

A bẹ arákùnrin náà fún ìdáríjì nínú ilé, lẹ́yìn náà a bẹ̀ ẹ́ níwájú ìjọ. A kò sọ pé gbogbo rẹ̀ parí ní ọjọ́ kan. Sódábì kò tíì fi í sílẹ̀ pátápátá, a ń bá a gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń dárúkọ ọmọ náà nínú àdúrà alẹ́, ó sì ti gbé àpótí yẹn wá sí ilé. Àbúrò ọmọ náà ni ó ń jókòó lé e.

Láti ìgbà náà, nínú ìjọ wa, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, alàgbà méjì ni a ń rán lọ, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ní ọjọ́ kìíní, ní ọjọ́ kẹjọ, àti ní ogójì ọjọ́. Wọn kì í gbé ìran lọ, wọn kì í gbé ẹsẹ lọ títí onílé yóò fi béèrè. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó sí ilẹ̀ tì í ní ọ̀sán méje àti òru méje láìsọ̀rọ̀; ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì yìí, a ó ṣe ìṣọ́ òru fún gbogbo ẹni tí ó ní ohun tí kò tíì sọ. Kí ẹ wá ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Kí olúkúlùkù mú abẹ́là kan wá, kí ó sì ka Orin Dáfídì 6 àti 42 ní ilé kí ó tó wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ sunkún, kò ní sí ẹni tí yóò dì í léjìká mú.

Kí Olúwa tí ó rí omijé Hesekáyà níbi tí ó kọjú sí ògiri, kí ó rí tiwa. Àmín.